Ẹ̀rọ Ìṣirò Tí Kò Ní Méje

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ̀rọ ìṣirò ni.

Ẹnjiníà Àtàndá ti ń lo tirẹ̀ láti ilé ẹ̀kọ́. Rọ́bà ló fi so ó pọ̀, bọ́tìnì tí wọ́n kọ nọ́ńbà méje sí sì ti kú láti ọdún mọ́kànlá. Bí méje bá ti wọnú ìṣirò, baba á kùn, á fi orí ṣe é.

Nígbà tí a ń kọ́ afárá odò wa, Ìbídùn, ọ̀dọ́ ẹnjiníà tó wà lábẹ́ rẹ̀, ra tuntun méjì, ó fún baba ní ọ̀kan.

"Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀gá, ẹ ju àkísà yẹn nù."

Baba dúpẹ́, ó tì í bọ àpò.

Òpó afárá jẹ́ méje, ọ̀kọ̀ọ̀kan á gba àpò sìmẹ́ńtì mẹ́tàdínlọ́gọ́rin. Ìbídùn tẹ ẹ̀rọ rẹ̀ wàrà-wàrà, ó ké sí awakọ̀ tírélà: "Ẹgbẹ̀rún márùn-ún ó lé!"

Awakọ̀ ṣáná sí ọkọ̀.

"Dúró!" Baba ò tilẹ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ kankan. "Ìbídùn, ṣé afárá là ń kọ́ ni, àbí a fẹ́ dí odò pa? Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó lé díẹ̀ ni. O ti tẹ méje kan kún un."

Ìbídùn tún un tẹ̀. Òótọ́ ni.

"Ọ̀gá, báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Látọdún mọ́kànlá tí méje ò ti sí lára tèmi, ta lo rò pé ó ń ṣe é?"

Lọ́jọ́ kejì, Ìbídùn gbé ẹ̀rọ tuntun rẹ̀ dé. Ó ti fi pílásítà bo bọ́tìnì méje pa.

Baba rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Aṣọ ni wọ́n ń tà lọ́jà, ọmọ mi. Lára ẹni ló ti ń di àkísà."