Ìdí Tí Apá Tó Ń Wọn Sẹ́ẹ̀lì Fi Ń Gbọ̀n

Nígbà láéláé, nígbà tí irin ṣì ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn, Òṣùwọ̀n ni adájọ́ etí odò. Ọwọ́ méjì ló ní. Ohun tí wọ́n bá gbé lé e lọ́wọ́, á sọ bó ṣe wúwo tó, kò sì purọ́ rí.

Ní ọdún kan, òjò kọ̀, kò rọ̀. Odò gbẹ títí ó fi ku ìsun kan ṣoṣo. Erin, tó jẹ́ olórí gbogbo ẹ̀dá, wá ṣòfin pé bí oníkálukú bá ṣe wúwo tó ni wọn yóò ṣe bu omi fún un. Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn.

Sẹ́ẹ̀lì náà wá gba omi. Sẹ́ẹ̀lì kéré ju eruku lọ. Àwọn ìbátan rẹ̀ ló so pọ̀ di ara Erin, àwọn ló so pọ̀ di ewé àti gbòǹgbò. Ṣùgbọ́n òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin kò sí lára ẹnikẹ́ni. Inú ẹ̀kán omi kan lórí òkúta ni wọ́n ń gbé. Omi náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán, àbúrò rẹ̀ kò sì lè dìde mọ́.

Sẹ́ẹ̀lì gun ọwọ́ Òṣùwọ̀n. Ọwọ́ náà kò mì. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún un gùn. Kò mì síbẹ̀.

“Kò sí ẹnikẹ́ni níbí,” ni Òṣùwọ̀n wí.

“Èmi nìyí, bàbá. Sẹ́ẹ̀lì ni mí.”

“Mo gbọ́ ohùn kan. Ṣùgbọ́n ohun tí kò bá wúwo, n kò lè jẹ́rìí pé ó wà.”

Erin kò fún un ní omi. Nígbà tí yóò fi padà dé orí òkúta, àbúrò rẹ̀ ti gbẹ, ó ti kú. Kò sí ẹni tó bá a kẹ́dùn. Wọ́n ní ẹni tí kò sí kò lè kú.

Afẹ́fẹ́ gbé Sẹ́ẹ̀lì kúrò níbẹ̀, ó gbé e dé ẹ̀yìnkùlé Òṣùwọ̀n. Ibẹ̀ ni Tẹ́ẹ́rẹ́ wà, àbíkẹ́yìn ọmọ Òṣùwọ̀n. Ọmọbìnrin yìí tín-ín-rín ju irun lọ, kì í sì í yéé gbọ̀n. Gbígbọ̀n rẹ̀ máa ń dún bí oyin tó ń fò. Ojú ń ti bàbá rẹ̀, nítorí kò rí ohun tí òṣùwọ̀n tó ń gbọ̀n lè wọ̀n. Ó ti bẹ alágbẹ̀dẹ pé kó wá fi irin kún un lára kó lè dúró jẹ́ẹ́. Ọjọ́ kejì ni alágbẹ̀dẹ yóò dé.

Sẹ́ẹ̀lì bà lé e, ó ń sunkún. Tẹ́ẹ́rẹ́ gbọ́ tí ohùn ara òun lọ sílẹ̀.

“Ta ló jókòó lé mi?”

Kò tíì sí ẹni tó bi Sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ rí. Ó dáhùn pé, “Èmi ni. Wọ́n ní n kò sí.”

“O wà,” ni Tẹ́ẹ́rẹ́ wí. “Ìwọ lo mú kí n falẹ̀.”

Wọ́n dán an wò. Bí Sẹ́ẹ̀lì bá sọ̀ kalẹ̀, Tẹ́ẹ́rẹ́ á yára gbọ̀n. Bó bá gùn ún, á falẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì wá sọ ti àbúrò rẹ̀ fún un, Tẹ́ẹ́rẹ́ sì ránṣẹ́ pe bàbá rẹ̀ àti Erin.

Inú kọ́kọ́ bí Òṣùwọ̀n. Ó ní ẹni tó ń gbọ̀n kò lè jẹ́rìí. Tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó kẹ̀yìn sí àwọn, kó ṣáà máa tẹ́tí. Ó kẹ̀yìn. Ìgbà méje ni Sẹ́ẹ̀lì gun Tẹ́ẹ́rẹ́ láìsọ fún Òṣùwọ̀n, ìgbà méjèèje ni Òṣùwọ̀n gbọ́ tí ohùn ọmọ rẹ̀ lọ sílẹ̀.

Òṣùwọ̀n tí kò purọ́ rí kò lè purọ́ lọ́jọ́ náà. “Ó wà,” ni ó wí. “Àbúrò rẹ̀ náà wà. Ọwọ́ mi ló le jù.”

Erin bu omi fún Sẹ́ẹ̀lì. Ó gbà á, ṣùgbọ́n omi náà kò lè jí òkú. Gbogbo wọn bá a lọ sí orí òkúta, wọ́n bá a kẹ́dùn níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, alágbẹ̀dẹ gbé òòlù rẹ̀ dé. Òṣùwọ̀n ní ọ̀rọ̀ náà di ọwọ́ Tẹ́ẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀. Ọmọ náà kò tíì sùn láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

“Bàbá, ó rẹ̀ mí,” ni ó wí. “Ṣùgbọ́n bí mo bá dúró jẹ́ẹ́, ta ni yóò mọ̀ bí àwọn ẹni kékeré bíi Sẹ́ẹ̀lì bá dé?”

Òṣùwọ̀n dá alágbẹ̀dẹ padà. Ó wá jókòó ti ọmọ rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó fẹ́ mọ bí sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ṣe wúwo tó kì í ti í gbé e sórí òṣùwọ̀n ọjà. Wọ́n á mú un wá pẹ̀lú omi díẹ̀, wọ́n á gbé e lé apá kan tó tín-ín-rín ju irun lọ, tó ń gbọ̀n láìsinmi. Wọn kì í ní kó dúró jẹ́ẹ́. Wọ́n á máa ṣọ́ ọ ni, bí gbígbọ̀n rẹ̀ bá sì ti falẹ̀ díẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹnì kan ti jókòó.