Ìdí Tí Ọ̀nà Kò Fi Gun Òkè Mọ́

Ìyá Àńjọrìn tó ń ta ẹ̀pà ní ibùdókọ̀ ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé òjò ti gé ọ̀nà ẹsẹ̀ òkè. Ó ní mọ́tò kò lè dé ìdí àpáta mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gun òkè, orí afárá ni yóò ti sọ̀ kalẹ̀, kó máa fẹsẹ̀ rìn nínú igbó. Bó bá dé ara àpáta, kó máa fọwọ́ fà, kó máa fẹsẹ̀ tì.

Àwọn ọmọ ilé wá ń bi mí pé kí ni òkè ṣe ọ̀nà tí ọ̀nà ò fi fẹ́ràn rẹ̀. Mo ní òkè ò ṣe é ní nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ gbèsè ni. Ẹ jókòó kí n sọ ọ́. Ẹni tí oorun bá ń kùn, kó lọ sùn, n kì í bẹ èèyàn.

Láyé ọjọ́un, nígbà tí Ọ̀nà ṣì ń dá rìn fúnra rẹ̀, kò sí òkè tí kì í gùn. Á jí láàárọ̀, á na ara rẹ̀ láti etí odò dé ẹsẹ̀ òkè, á sì gba ibẹ̀ gòkè lọ títí dé góńgó. Ó tẹ́jú bí ẹní. Arúgbó á gùn ún láìmú ọ̀pá. Ewúrẹ́ tó lóyún á gùn ún, kò ní mí hẹlẹ. Kò sẹ́ni tó ń fàyà fà lára àpáta nígbà náà.

Lórí góńgó òkè yẹn ni Ọ̀fàfà ń gbé. Ẹranko kékeré aláwọ̀ ilẹ̀ ni Ọ̀fàfà, tí kò ní ìrù, tó máa ń ké bí ẹni tí wọ́n já jù sílẹ̀. Opó ni. Idì ló gbé ọkọ rẹ̀ lọ lójú rẹ̀, kò sì rí òkú sin.

Kí ọkọ yẹn tó lọ, ó ti to òkúta pẹlẹbẹ láti ẹsẹ̀ òkè dé iwájú ilé wọn, ọ̀kan lórí èkejì bí àtẹ̀gùn. Òkúta yẹn ni Ọ̀nà ń tẹ̀ gòkè. Òun náà sì ni gbogbo ogún tí Ọ̀fàfà jẹ.

Awùsá ni Ọ̀fàfà ń tà. Á sè é, á kó o sórí ewé, á jókòó tì í. Àwọn tí Ọ̀nà bá gbé wá á rà á, wọn á jókòó, wọn á máa pa á jẹ, wọn á máa sọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ fún un. Ta ló bímọ. Ta ló kó kúrò nílé. Ọmọ ta ló ń jalè. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ Ọ̀fàfà ju èrè awùsá lọ, ṣùgbọ́n kò jẹ́ sọ ọ́ jáde. Bí oníbàárà bá mọ ohun tó o fẹ́ràn, ọjà ti bà jẹ́ nìyẹn.

Ọdún kan wá dé tí òjò kò dá. Ọ̀nà gòkè wá lọ́jọ́ kan, ẹrẹ̀ mù ún dé ọrùn.

“Ìyá Awùsá, ẹ kúulé o.”

“O kú ẹrẹ̀ o,” Ọ̀fàfà dá a lóhùn. “Kí ló ṣe ọ́ tó o dà bí ẹlẹ́dẹ̀?”

“Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín, Ìyá. Gbogbo ayé ló ń ṣépè fún mi nísàlẹ̀. Màlúù rì sínú mi. Ìyàwó tuntun ṣubú nínú mi tòun tẹrù orí rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní òkúta.”

“Òkúta wo?”

“Èyí tí mo tẹ̀ gòkè wá yìí. Kí n fi tẹ́ ẹrẹ̀. Bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, màá kó o padà wá.”

Ọ̀fàfà wo òkúta náà. “Ọkọ mi ló tò ó.”

“Mo mọ̀.”

“Bó o bá kó o lọ, kí lo máa tẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi?”

Ọ̀nà rẹ́rìn-ín. “Èmi? Bí mo bá dijú, màá dé ilé yín.”

Ẹ lè ní kò gbọ́n. Ẹni tó ń wá sọ́dọ̀ ẹni lójoojúmọ́, ṣé ẹ ó máa wò ó nínú ẹrẹ̀ ni? Ọ̀fàfà ní kó máa kó o. Ó kàn na ìka sí i pé, “Òkúta ni mo yá ọ, òkúta ni kó o fi san án. N kì í gba ohun mìíràn dípò.”

Ọ̀nà kó òkúta lọ, ó tẹ́ ẹ sínú ẹrẹ̀, ara rẹ̀ le. Ni ẹsẹ̀ bá ń dà wá sórí rẹ̀. Wọ́n dá ọjà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ń ṣépè fún un tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní bàbá. Ó fẹ̀, ó gùn, ó sanra.

Òjò dá. Ọ̀nà wo abẹ́ ara rẹ̀, ó rí i pé pátákò màlúù àti ẹsẹ̀ èrò ti fọ́ òkúta Ọ̀fàfà wẹ́wẹ́. Kò sí odindi nínú rẹ̀ mọ́. Ojú wá ń tì í láti gòkè.

Ẹ wo ìṣe onígbèsè. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ń gun òkè dé ìdajì, á ní àárẹ̀ mú òun, á padà. Nígbà tó ṣe, ẹsẹ̀ òkè ló ń mọ. Bó bá yọjú tó rí orí Ọ̀fàfà lókè, á wọnú koríko, á yọ níwájú, á tún wọnú koríko. Nígbà tó yá, kò dé ẹsẹ̀ òkè mọ́ rárá. Ẹ̀yìn òkè ló ń gbà yípo, bí ẹni tí kò mọ ẹnì kankan níbẹ̀ rí.

Ọ̀fàfà wá ku òun nìkan. Ó se awùsá, kò sẹ́ni tó rà á, ó dá a jẹ. Ó tún sè é, ó dà á nù. Láràárọ̀ ló ń gbá iwájú ilé tí ẹsẹ̀ kankan kò tẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá mi ewé, á dìde, á tún ìró ró, á ní, “Ta nìyẹn?” Kò sẹ́ni. Á tún jókòó.

Ọjọ́ kan ni Alángbá yọ lára àpáta. Kò gba orí ọ̀nà wá. Èékánná ló fi há àpáta mọ́ra, ó ń fà á díẹ̀díẹ̀, ó ń mí gùlegùle.

“Ìyá, ẹ ṣì wà láàyè?”

“Ṣé ìwọ lo fẹ́ sin mí ni?” ni Ọ̀fàfà wí, ṣùgbọ́n ó ti ń wá ewé tó máa fi bu awùsá fún un. “Ọ̀nà dà?”

“Ó wà nísàlẹ̀. Ó ti di ńlá. Ẹ ò lè mọ̀ ọ́n mọ́.”

“Kí ló ń sọ nípa mi?”

Alángbá wo ilẹ̀. “Kì í dárúkọ yín, Ìyá.”

Èyí dun Ọ̀fàfà ju òkúta lọ. Ó dìde, ó di ìró rẹ̀ le. “Ó dáa. Màá lọ ṣe òṣómàáló lé e lórí.”

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, báyìí ni wọ́n ń ṣe é. Olówó á lọ lóṣòó síwájú onígbèsè ní gbangba. Kò ní jókòó, kò ní dìde, kò ní gbà kí wọ́n fọ̀rọ̀ tu òun nínú, títí ohun tó yá èèyàn yóò fi bọ́ sí i lọ́wọ́. Ìtìjú ni wọ́n fi ń gbà á.

Alángbá ní, “Ìyá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ẹ ránṣẹ́ pè é wá jẹ awùsá. Ẹni tí wọ́n pè wá jẹun á wá, á tún padà wá. Ẹni tí wọ́n lóṣòó tì lójú ọjà, á san gbèsè ni, kò ní ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ.”

“Kí n tún máa bọ́ onígbèsè? O ò ṣòwò rí lo ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀.”

Ó fàyà fà sọ̀ kalẹ̀. Orúnkún rẹ̀ bó. Ọjọ́ ọjà ló bọ́ sí i, ó sì lọ lóṣòó sí àárín gbùngbùn Ọ̀nà, níbi tí èrò pọ̀ sí.

“Ọ̀nà! Òkúta mi dà?”

Èrò dúró. Ọ̀bọ ní, “Họ́wù! Bàbá wa jẹ gbèsè?” Ewúrẹ́ ní, “Gbèsè awùsá ni àbí gbèsè kí ni?” Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Ọ̀nà rọra sọ̀rọ̀. “Ìyá Awùsá, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ sọ ọ́ nílé.”

“Nílé ta? Ilé mi lo mọ̀, o ò sì wá síbẹ̀.”

“Ojú ló ń tì mí. Òkúta yín ti fọ́. N kò mọ ohun tí mo máa gbé wá bá yín.” Ó tún rẹ ohùn sílẹ̀. “Ẹ dìde, Ìyá. Màá tẹ̀ lé yín gòkè lónìí yìí, bí kò tiẹ̀ sí òkúta lọ́wọ́ mi. Ẹ ó fún mi ní awùsá, a ó jọ rò ó.”

Ẹ gbọ́ mi o. Ohun tí Ọ̀fàfà ń wá láti ìgbà tí òjò ti dá náà nìyẹn. Ó ti fẹ́ dìde. Ṣùgbọ́n Ọ̀bọ pariwo láti ẹ̀yìn pé, “Wọ́n ti fọ̀rọ̀ dídùn tù ú nínú! Ó fẹ́ lọ lọ́wọ́ òfo!” Ọ̀fàfà kì í lọ lọ́wọ́ òfo. Láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú, bí kò ṣe jẹ́ kí wọ́n rẹ́ òun jẹ nìyẹn. Ó tún lóṣòó le.

“N kò bẹ̀ ọ́ wá jẹ awùsá. Òkúta mi ni kó o san. Onígbèsè aláìnítìjú!”

Ọ̀nà kò rẹ ohùn sílẹ̀ mọ́.

“Ẹ ó gba òkúta yín, Ìyá. Gbogbo rẹ̀ pátá. Ṣùgbọ́n èmi kò ní gbé e wá. Ẹsẹ̀ mi kò tún ní tẹ iwájú ilé yín mọ́.”

Gbogbo ọjà ló gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn sọ lójú ọjà, kò ṣeé kó padà sẹ́nu.

Láti ìgbà náà, ẹni tó bá kọjá tó fẹ́ gòkè, Ọ̀nà á fún un ní òkúta wẹ́wẹ́ kan pé kó bá òun gbé e fún Ìyá Awùsá. Wọ́n ń fọwọ́ fà, wọ́n ń fẹsẹ̀ tì, wọ́n ń gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ̀fàfà á ní kí wọ́n kó o jọ sórí àpáta, ọ̀kan lórí èkejì.

“Jókòó, kó o pa awùsá jẹ,” á wí fún Ewúrẹ́.

“Mi ò lè jókòó, Ìyá. Kò sí ọ̀nà tí mo máa tẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú mọ́ mi lára àpáta yìí, mo gbé.”

Báyìí ni gbogbo wọn ń wí. Wọ́n á ju òkúta sílẹ̀, wọ́n á yí padà. Òkìtì òkúta wá ń ga sí i. Bí ó ṣe ń ga ni àyà Ọ̀fàfà ń já. Ẹni tó bá bi í pé, “Ṣé ó ti pé?” á ní, “Kò tíì pé.”

Kò parọ́ òṣùwọ̀n rí láyé rẹ̀. Ó wá ń pa á báyìí. Bí kò bá sẹ́ni níbẹ̀, á yọ òkúta kan lórí òkìtì, á tì í sísàlẹ̀, kí wọ́n lè tún wá.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, Alángbá gòkè dé, ẹ̀jẹ̀ wà ní ìrù rẹ̀, ó gbé òkúta kan mọ́ àyà.

“Ìyá, òkúta yìí ló yí wá bá mi. Díẹ̀ ló kù kó pa mí. Èmi náà ni mo sì gbé e wá fún yín lánàá. Mo mọ àmì ara rẹ̀.”

Ọ̀fàfà yíjú kúrò lára òkúta náà.

“Ẹ ò lè gba gbèsè kan lẹ́ẹ̀mejì, Ìyá.”

“Mo mọ̀.” Ó wo orúnkún rẹ̀. “Bó bá ti pé, ta ni yóò tún wá?”

Nísàlẹ̀, Ọ̀nà ń gba ẹ̀yìn òkè yípo, ó pupa fòò nínú oòrùn, èrò kún orí rẹ̀.

Ọ̀fàfà nu ojú. “Opó ni mí, n kì í ṣe olè. Gbé e síbẹ̀.”

Alángbá gbé òkúta náà sórí òkìtì. Kò sí àyè fún òmíràn mọ́. Ó yíjú sí Ọ̀fàfà, ó ń gbé orí sókè, sílẹ̀, bí ẹni ń béèrè: ṣé ó pé?

“Ó pé,” Ọ̀fàfà wí. “Sọ fún un pé mo ti gbà á.”

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀nà ti ń dúró sẹ́sẹ̀ òkè, tó ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ yípo. Láti ọjọ́ náà ni ẹni tó bá fẹ́ dé góńgó ti ń fọwọ́ fà tó ń fẹsẹ̀ tì, tó sì ń gbé òkúta lé òkúta níbi tí ọ̀nà bá ti dàwátì. Alángbá ń mi orí pé ó pé. Ọ̀fàfà sì wà lórí àpáta, ó lóṣòó, ó ń ké pe Ọ̀nà. Ọ̀nà ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kò jẹ ẹ́ ní nǹkan kan mọ́.