Ẹja Ilé Onífọ́tò

Obìnrin kan wà tí ó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́, àwọn ẹja kéékèèké tí ènìyàn ń sìn nínú àpótí gíláàsì ní pálọ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń sè. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Òwò náà ni ọkọ fi sílẹ̀ fún un, òun náà ni ó sì fi ń jẹun. Ṣàdíà tó ń sun bọ̀ọ̀lì ní ìkòríta ni ó kọ́kọ́ gbé ìròyìn náà wá bá a.

Ṣàdíà ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi o. Bàbá Onífọ́tò wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó ń kọjá pé ẹja olókùnrùn lẹ ń tà. Wọ́n tiẹ̀ ti fún yín lórúkọ."

"Orúkọ wo?"

"Ìyá Ẹja-Ò-Dọ̀la."

Obìnrin náà kò dìde. Ó ń fọ àwọ̀n rẹ̀ lọ́wọ́, ó fọ̀ ọ́ tán, ó gbọ̀n ọ́n. Ó ní, "Orúkọ yẹn gùn jù. Wọ́n á gé e kúrú tó bá yá."

Ṣàdíà rẹ́rìn-ín. Òun kò rín. Ó ti rẹ̀ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ onífọ́tò yìí kì í ṣe tòní. Ó ní àpótí gíláàsì ńlá kan níbi tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ti máa ń jókòó dè é. Ẹja dúdú méjì ló ti wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n ti tóbi tó àtẹ́lẹwọ́. Ó fẹ́ kí ibẹ̀ kún sí i, kí àwọn ọmọdé tó ń wá ya fọ́tò lè rí nǹkan wò kí wọ́n yé sunkún. Ó ra ẹja pupa mélòó kan lọ́wọ́ obìnrin náà. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, wọ́n ti léfòó. Ó kó òkú wọn wá nínú ọ̀rá. Obìnrin náà fún un ní òmíràn, kò gba kọ́bọ̀, nítorí oníbàárà ni. Wọ́n tún kú. Ó tún fún un. Wọ́n tún kú. Nígbà tí onífọ́tò tún gbé ọ̀rá dé, obìnrin náà ní òun kò lè ṣe é mọ́. Ni onífọ́tò bá bọ́ sí títì.

Láti ìgbà náà ni ọjà ti kú. Bí wọn ò bá ra bàtà lónìí, bàtà lè dúró sórí àtẹ di ọdún tó ń bọ̀. Ẹja ń jẹun lójoojúmọ́ ní tiẹ̀, iná ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi wọn sì ń jówó. Obìnrin náà mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ bá ń lọ báyìí, òun yóò ti ṣọ́ọ̀bù náà pa, òun yóò padà lọ máa kiri ata bí ìgbà tí òun wà lọ́mọge. Orúnkún rẹ̀ kò sì gba ìkiri mọ́.

Ó wé gèlè, ó lọ bá onífọ́tò.

Onífọ́tò ní, "Ìyá Ẹlẹ́ja, wò ó fúnra ẹ. Omi yìí, ṣé kò mọ́ ni? Àwọn àgbà ilé rèé, ṣé ara wọn kò le ni? Àwọn àlejò tó ò ń gbé wá nìkan ló ń kú. Ta ló wá ní àrùn nínú wa?"

Obìnrin náà wo inú gíláàsì. Omi náà mọ́ gaara lóòótọ́. Ẹja dúdú méjèèjì ń yí po, wọn kò yára, ṣùgbọ́n wọ́n wà láàyè.

Ó ní, "Ẹ gbé ọ̀kan nínú àwọn àgbà yìí fún mi, kó lọ bá àwọn tèmi gbé. Bí àrùn bá wà lọ́dọ̀ mi, yóò kó o. Bí kò bá kó o, ẹ bá mi tún orúkọ mi ṣe níbi tẹ́ ẹ ti bà á jẹ́."

"Tó bá kú ńkọ́?"

"Tó bá kú, mo jẹ yín ní gbèsè ẹ̀."

Onífọ́tò kọjú sí àwọn tó jókòó. "Ẹ ti gbọ́ o. Ẹ̀yin lẹlẹ́rìí mi."

Ọkùnrin kan tó wá ya fọ́tò ìwé ìrìnnà ní, "Bàbá, ẹ kúkú ya ẹja yẹn ní fọ́tò kó tó máa lọ. Ẹ máa nílò ẹ̀."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Onífọ́tò bu omi sínú ọ̀rá, ó fi ẹja àgbà kan sí i. Obìnrin náà gbé e délé, ó dà á sínú agbada tí àwọn ẹja rẹ̀ wà. Ní ọjọ́ kejì, ẹja náà ti fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, ó kú.

Onífọ́tò fúnra rẹ̀ ló wá. Kò pariwo, èyí gan-an ló sì dun obìnrin náà jù. Ó ní, "Ìyá Ẹlẹ́ja, ẹja yìí pẹ́ lọ́dọ̀ mi ju àwọn ọmọ-iṣẹ́ mi lọ. O jẹ mí ní gbèsè. Mi ò ní sọ nǹkan kan mọ́, gbogbo ayé ti rí i." Ó sì lọ.

Obìnrin náà jókòó sórí àpótí. Ó ń ronú ẹni tó lè ra àwọn gíláàsì òfìfo lọ́wọ́ òun. Níbi tó ti ń wo agbada láìmọ̀ pé òun ń wò ó, ó rí i pé àwọn ẹja pupa ń ṣeré kọjá lórí ibi tí ẹja àgbà náà kú sí. Kò sí èyí tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ nínú wọn. Bó bá jẹ́ àrùn ni, àwọn ọmọ kéékèèké yìí ni ì bá kọ́kọ́ mú. Tiwọn ń kú lọ́dọ̀ onífọ́tò. Ti onífọ́tò kú lọ́dọ̀ wọn. Oníkálukú sì ń yè níbi tó ti dàgbà.

Ọ̀rá tí ó fi gbé ẹja náà wá ṣì wà lórí ìṣó, omi ilé onífọ́tò kù díẹ̀ nínú rẹ̀. Ó dà á sínú abọ́, ó mú ẹja pupa kan sí i. Kò pẹ́ rárá tí ẹja náà fi gòkè wá sójú omi, tí ó ń ya ẹnu bí ẹni tí èémí kò tó. Ó tètè kó o padà sínú agbada.

Ó tún lọ bá onífọ́tò. Àwọn tó rí i rò pé gbèsè ló wá san.

Ó ní, "Bàbá Onífọ́tò, ìgbà wo lẹ da omi inú gíláàsì yìí nù gbẹ̀yìn?"

Onífọ́tò wò ó bí ẹni tí wọ́n bú. "Da omi nù? Omi tí à ń rà lọ́wọ́ onítáńkà? Mi ò da ìkán kan nù rí láti ọjọ́ tí mo ti ra gíláàsì yìí. Tó bá ti fà, mo máa ń fi kún un ni. Kò wálẹ̀ rí lọ́dọ̀ mi."

Kò sí ẹni tó lè bá a wí. Ní àdúgbò wọn, omi ẹ̀rọ kì í wá bó ṣe yẹ, ẹni tó bá sì ń da omi mímọ́ sí gọ́tà, aláṣejù ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí ọkọ obìnrin yìí wà láyé, ó máa ń bu díẹ̀ nínú omi ẹja dà nù ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, ìyàwó á sì máa kùn lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn tí ó kú, ìyàwó kàn ń ṣe é bí ọkọ ti ṣe é ni. Kò bi ara rẹ̀ ní ìdí rẹ̀ rí àfi ọjọ́ náà.

Ó ní, "Bàbá, tí ọbẹ̀ bá ń fà lórí iná, ṣé iyọ̀ inú ẹ̀ máa ń bá ooru lọ?"

"Kò ní lọ."

"Omi nìkan ló ń lọ. Ìgbẹ́ ẹja, ìtọ̀ wọn, oúnjẹ tí wọn ò jẹ tán tó ń jẹrà nísàlẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló dúró síbẹ̀. Ẹ̀ ń fi omi kún un, àwọn náà ń fi tiwọn kún un. Àwọn àgbà yìí ti wà nínú ẹ̀ bó ṣe ń burú sí i díẹ̀díẹ̀, ó ti mọ́ wọn lára. Kò mọ́ àwọn àlejò lára."

"Omi yìí mọ́, Ìyá Ẹlẹ́ja."

"Ojú wa ló mọ́ sí."

Onífọ́tò wo ẹja àgbà kan tó kù fún un. Lẹ́yìn náà ó ká ṣòkòtò, ó ní kí wọ́n gbé gáráwà wá, òun máa gbọ́n gbogbo ẹ̀ nù kíákíá, òun máa fi ọṣẹ bó gíláàsì náà. Obìnrin náà di gáráwà mú. Ó ní, "Ẹ fẹ́ pa èyí tó kù nìyẹn. Omi tó mọ́ tí mo gbé èkejì ẹ̀ sí lójijì ló pa á."

Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ṣe é. Wọ́n bu abọ́ mélòó kan jáde, wọ́n dá omi mìíràn padà, omi tí wọ́n ti ṣí sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí òórùn oògùn inú omi ẹ̀rọ lè kúrò. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, wọ́n tún bù ú. Iṣẹ́ náà kò dùn mọ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Obìnrin náà ń fi orúnkún dídùn rìn wá, onífọ́tò sì ń kùn bí abọ́ kọ̀ọ̀kan ti ń lọ, títí tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í dà á sídìí ẹ̀fọ́ tó gbìn sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ẹja àgbà náà kọ oúnjẹ, ó tún padà jẹun, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í yára. Nígbà náà ni obìnrin náà mú ẹja pupa kan wá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, onífọ́tò kò dá oníbàárà kankan lóhùn títí tó fi lọ yọjú wò ó. Ó wà láàyè. Wọ́n mú àwọn yòókù wá.

Ìwọ ìyá tí ìyàwó ọmọ rẹ tún ti kó ẹrù lọ, ìwọ ni mò ń bá wí. Èyí àkọ́kọ́ lọ, o ní ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ ni kò dáa. Èyí kejì lọ, o ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò ní sùúrù. O ń fi ara rẹ àti àwọn ọmọ rẹ ṣe ẹ̀rí pé ẹ̀yin ń gbé inú ilé kan náà, kò sì sí ohun tó ṣe yín. Ó ti mọ́ yín lára ni. Èébú tí ẹ fi ń kí ara yín láàárọ̀ kò dùn yín mọ́. Ìjà ogún tí ẹ kò parí láti ìgbà tí baba wọn ti kú, orí rẹ̀ lẹ ti ń jẹun. Ọmọ ọlọ́mọ kò dàgbà nínú rẹ̀.

Má sọ fún mi pé o ra aṣọ fún un, pé o ń fún un lówó ọjà. Mo mọ̀. O ń fi kún un ni. Kí lo bù jáde? Ọ̀rọ̀ tí o sọ sí i lójú àwọn àlejò lọ́jọ́sí, ṣé o bẹ̀ ẹ́ lórí rẹ̀, àbí o kàn ra ìró lé e lórí? Má sì sọ fún mi pé gbogbo ilé yóò yí padà láti ọ̀la lọ. Ẹ ò ní lè gbé e. Bu abọ́ kan. Èébú àárọ̀ yẹn, fi í sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ó ti tó. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bu òmíràn.

Ní ti onífọ́tò, nígbà tí àwọn ẹja pupa náà ti pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ débi tí wọ́n fi ń sáré wá bá ọwọ́ rẹ̀, ó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, ó rìn lọ bá obìnrin náà lójú gbogbo àdúgbò. Ó sọ fún àwọn tó wà níbẹ̀ pé omi òun ló ń pa ẹja, kì í ṣe obìnrin yìí. Ó ka owó gbogbo ẹja tí ó ti gbà láìsan sí i lọ́wọ́. Obìnrin náà yọ owó ẹja àgbà tó kú lọ́dọ̀ rẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, ó nà án sí i.

Onífọ́tò ní, "Fi í sílẹ̀, Ìyá Ẹlẹ́ja."

Ó ní, "Ẹ gbà á, Bàbá. Èmi ni mo pa á."

Ó gbà á.