Ìgò Méjì Orí Tábìlì

Ọmọ ọdún méje ni Òjédòkun nígbà tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀ lóko àgbàdo pé, "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà." Kò mọ̀ pé òwe náà yóò bá òun dọ́jọ́ ogbó.

Nígbà tó dàgbà, wọ́n fi í ṣe olórí àwọn tó ń yẹ ìtọ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù wò, kí ẹnikẹ́ni má baà fi oògùn gbá bọ́ọ̀lù. Ọwọ́ alágbo tó ń ta àgbo fún un ló ti ń tọrọ ìgò dúdú tí wọ́n ń tọ̀ sí.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ìdíje àṣekágbá bẹ̀rẹ̀, Akínlàjà aṣọ́lé tọ̀ sínú ìgò kan, ó gbé e sórí tábìlì. Òjédòkun fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ìgò fún nọ́ọ̀sì. Kò pẹ́ tí nọ́ọ̀sì fi padà dé.

"Bàbá, egbò igi ló kún inú èyí o."

"Oògùn nìyẹn! Akínlàjà, o ò ní gbá bọ́ọ̀lù òní!"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìgò méjì ló wà lórí tábìlì—"

"Ìtọ̀ rẹ ti sọ̀rọ̀. Kí lo tún fẹ́ sọ?"

Òjédòkun fi ìbínú nawọ́ sí ìgò àgbo jẹ̀díjẹ̀dí rẹ̀ tó kù lórí tábìlì, ó gbé e mu dé ìdajì, ó dúró.

"Àgbo yìí ò mà korò."

"Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn, sà."

Òjédòkun nìkan ló lè dá Akínlàjà padà sórí pápá, ẹ̀yìn ilé ló sì wà tó ń bì títí fèrè ìparí fi dún. Télọ̀ tó ń rán aṣọ ẹgbẹ́ Akínlàjà ló bá wọn ṣọ́lé.

Góòlù méje wọlé, ife kan lọ, odidi ìgò àgbo kan sì ṣòfò.