Àlejò Tó Jókòó Sí Àyà Aláró

— Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yí iná ká, ààlọ́ o.

— Ààlọ̀.

— Ta ní ń wọlé láìkan ilẹ̀kùn, tí kì í bèèrè omi, tí ó sì wúwo ju ọlọ lọ?

— A ò mọ̀ ọ́n. Dárúkọ rẹ̀ fún wa.

— Ẹ̀yin náà ti gbà á lálejò rí. Ẹ kàn ń dibọ́n ni.

— Ìtàn la wá gbọ́, a ò wá jẹ́wọ́.

Ó dáa. Àlọ́ mi gbéra, ó rìn títí, kò yà sí ààfin, kò yà sí oko ọdẹ. Abẹ́ igi ọ̀dán ló yà sí, níbi tí Àwẹ̀ró aláró ti ń pa aṣọ láró. Ó kan Àyọ̀ká, ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ó kan Àdán tí ń sùn lórí igi. Ó sì kan Atẹnimọ́lẹ̀.

Àwẹ̀ró mọ iṣẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgbọ̀nwọ́, kò sì sí ọṣẹ tó lè fọ̀ ọ́. Ó tún mọ bí a ti ń ṣe àlejò. Ẹni tó bá kọjá, á ní kó jókòó. Bí ewúrẹ́ bá kọjá, á kí i. Àwọn ará ìlú a máa fi ṣe ẹ̀fẹ̀ pé bí ìjì bá jà dé ẹnu ọ̀nà Àwẹ̀ró, yóò ní kó fara balẹ̀ mu omi ná.

Ó wá ku ọjọ́ márùn-ún kí Àyọ̀ká lọ sílé ọkọ. Àwẹ̀ró ra ìró funfun mẹ́ta. Ó fẹ́ kí ọmọ òun fi èyí tí ọwọ́ òun pa láró wọ ilé ọkọ. Ẹ̀wù àyáwọ̀ kì í yẹ ọmọ ènìyàn. Bí ọmọ aláró bá wá yá ìró wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó, kí ni ayé yóò wí?

Ẹ mọ̀ pé aṣọ kì í dá wọ aró kó dá jáde. Aláró á rì í, á dúró díẹ̀, á fà á yọ, á sá a sí atẹ́gùn, á tún rì í. Bí aṣọ bá pẹ́ jù nínú ìkòkò, omi eérú tí a fi ń po aró á jẹ ẹ́, á máa ya bí ewé gbígbẹ.

Àwẹ̀ró ri ìró kìíní. Oòrùn mú. Ó tẹ́ ẹní sábẹ́ igi, ó na gbalaja, ó kọjú sókè. Ó ní òun kàn fẹ́ rẹjú díẹ̀.

Oorun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé e lọ ni ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Ẹnì kan ní, "Ẹ kú ilé o."

Ó yẹ kó lajú wo ẹni tó ń kí i. Kò lajú. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o. Ibi tó bá tù yín lára ni kí ẹ jókòó sí."

Atẹnimọ́lẹ̀ ni. Ó wo àpótí, aṣọ wà lórí rẹ̀. Ó wo ìdí igi, eérú ló kún ibẹ̀. Ó wo àyà Àwẹ̀ró. Ó jókòó.

Àwẹ̀ró jí. Ojú rẹ̀ là. Ó ń rí ìkòkò aró, ó ń rí ewé ọ̀dán. Ó fẹ́ gbé ọwọ́, ọwọ́ kò gbé. Ó fẹ́ na ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ kò nà. Ó fẹ́ pe Àyọ̀ká, ohùn kò jáde. Àlejò ń bá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ. Ó kí i kú oòrùn, ó kí i kú iṣẹ́, ó bèèrè ọmọ, ó ròyìn ọ̀nà tó gbà wá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní inú òun dùn sí obìnrin yìí, kì í já lu ọ̀rọ̀ àgbà.

Nígbà tí yóò fi dìde lọ, omi eérú ti jẹ ìró kìíní.

Lọ́jọ́ kejì, Àwẹ̀ró ri ìró kejì. Oorun gbé e. Ẹsẹ̀ tún dún. "Ẹ kú ilé o." Ẹnu Àwẹ̀ró ti dáhùn kí ó tó rántí. Àlejò jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó bọ́rọ̀ dé lánàá.

Omi eérú jẹ ìró kejì náà. Àyọ̀ká gbé e sókè, ó rí ojú ọ̀run láàárín rẹ̀. Kò bá ìyá rẹ̀ jà. Ó kàn ní òun ń lọ sílé ọ̀rẹ́ òun, bóyá yóò lè yá òun ní ìró. Èyí gan-an ló dun Àwẹ̀ró. Ó jókòó ti ìkòkò, ó ń sunkún.

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lókè. Ṣé wọ́n ní àdán dorí kodò, ó ń wòṣe ẹyẹ? Ìṣe Àwẹ̀ró ni Àdán tiwa yìí ń wò láti ọjọ́ méjì.

"Ìyá aláró," ni Àdán wí, "ẹ kú àlejò."

"O rí i, o kò sì lé e?"

"Ta ni mo jẹ́ tí n óò lé àlejò yín? Ẹ̀yin lẹ ní kó jókòó."

"N kò ní kó jókòó lé mi láyà."

"Ẹ ní ibi tó bá tù ú lára. Àyà yín ló tù ú lára."

Àwẹ̀ró bi Àdán pé kí ló dé tí àlejò náà kì í fi í wá sọ́dọ̀ tirẹ̀. Àdán ní ẹni tó bá fẹ́ jókòó sí àyà òun, á kọ́kọ́ lọ kọ́ bí a ti ń jókòó sára ògiri. Àwẹ̀ró ní kò burú, òun kò ní sùn mọ́. Kí Àdán tó fèsì, ó ti ń tòògbé.

Àdán jí i. Ó ní àlejò tí a fi ẹnu ara wa ní kó jókòó kò ṣeé lé, sísìn là ń sìn ín. Bí onílé bá dìde, tó ní òun fẹ́ sìn ín dé ọ̀nà, àlejò tó bá nítìjú á dìde.

"Báwo ni mo ṣe máa dìde nígbà tó jókòó lé mi?"

"Ara yín ló jókòó lé. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sọ́jà lójú àlá ńkọ́? Mo gbọ́ tí ẹ ń ná ata lánàá. Láti ọ̀hún ni kí ẹ ti wá sìn ín."

Àwẹ̀ró ní bí òun bá wà lójú àlá, òun kì í mọ̀ pé àlá ni. Àdán ní kó máa wo ọwọ́ rẹ̀, nítorí aró kì í bá ènìyàn dé ojú àlá. Bó bá ń ṣiṣẹ́ lójú ayé, kó máa wò ó, kó máa bi í léèrè. Ohun tí a ń ṣe lójú ayé ló ń tẹ̀ lé wa lọ sójú oorun.

Ni Àwẹ̀ró bá fi ṣe orin. Ẹ bá mi gbè é:

*Ọwọ́ mi, ṣé o dúdú?*
*— Ó dúdú, aláró.*
*Ṣé ojú ayé ni mo wà?*
*— Ojú ayé ni, aláró.*

Ó ń kọ ọ́ nídìí ìkòkò, ó ń kọ ọ́ nídìí ààrò. Àyọ̀ká gbọ́ ọ, ó rò pé ọ̀rọ̀ aṣọ ti da ìyá òun lórí rú.

Lọ́jọ́ kẹta, Àwẹ̀ró sùn, ó lá àlá. Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ó funfun bí inú àgbọn. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní ọṣẹ tí òun rà yìí mà dára. Ó lọ sílé ẹni tó ta ọṣẹ, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ló wà tí Atẹnimọ́lẹ̀ fi dé, tó jókòó, tó sọ̀rọ̀, tó lọ. Àdán fẹ́rẹ̀ẹ́ jábọ́ lórí igi níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kẹrin, ó sùn, ó wo ọwọ́. Ó funfun. Ó ní, "Àlá nìyí." Ayọ̀ gbé e, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ijó náà ló jí i, abẹ́ àlejò ló sì jí sí. Nígbà tí ara rẹ̀ dá, Àdán ní àlá dà bí omi inú àtẹ́lẹwọ́, ẹni tó ń jó kò lè gbé e.

Ó di ọjọ́ karùn-ún. Ọ̀la ni ìgbéyàwó. Aṣọ kò lè dúró mọ́. Àwẹ̀ró ri ìró kẹta, èyí tó kù. Ó ní òun kò ní sùn. Oorun ní irọ́ ni.

"Ẹ kú ilé o."

"Ẹ káàbọ̀ o."

Ó jókòó.

Àwẹ̀ró wà lọ́jà lójú àlá, ó ń ná ata. Ó wo ọwọ́. Ó funfun. Kò jó. Kò pariwo. Ó mí, ó tún mí. Ó gbé ata sílẹ̀, ó rọra rìn wá sílé. Ó rí ara rẹ̀ lórí ẹní, ó rí bàbá arúgbó kan lórí àyà rẹ̀, tó kásẹ̀ lé ẹsẹ̀, tó ń sọ̀rọ̀.

Ó kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ ṣeun tí ẹ yà. Ẹ jẹ́ kí n sìn yín dé ọ̀nà."

Atẹnimọ́lẹ̀ wo èyí tó wà lábẹ́, ó wo èyí tó kúnlẹ̀. "Ìyá aláró, n kò tí ì sọ̀rọ̀ tán."

"Ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu àgbà, bàbá. Ibi tí ẹ ń lọ ló jìn."

"Ṣé ẹ mọ ibi tí mo ń lọ ni?"

"Ibi yòówù kó jẹ́, ó jìn."

Atẹnimọ́lẹ̀ sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń kí ènìyàn kiri, ṣe ni wọ́n ń làágùn, kò sí ẹni tó sin òun dé ọ̀nà rí. Ó nu ojú. Ó dìde.

Àwẹ̀ró bá a gbé àpò, ó sìn ín dé oríta. Ibẹ̀ ló yẹ kó pa ẹnu mọ́. Kò pa á mọ́. Ó sọ ohun tí gbogbo onílé ń sọ. Ó ní, "Ẹ máa yà o, bàbá."

Ó jí. Ọwọ́ gbé, ẹsẹ̀ nà. Ó sáré sí ìkòkò, ó fa ìró yọ. Ó dúdú, ó ń dán, kò ya níbì kankan. Aṣọ ìyá rẹ̀ ni Àyọ̀ká ró wọ ilé ọkọ, kò yá ti ẹnikẹ́ni.

Ìdí nìyí tí Atẹnimọ́lẹ̀ fi ń wá sọ́dọ̀ ènìyàn títí di òní. Kì í wá lójoojúmọ́, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni, ó sì fẹ́ràn ẹni tó bá kọjú sókè sùn. Ìdí nìyí tí ìjàkadì kì í fi í lé e, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá mọ̀ lójú àlá pé àlá ni, tó sì fara balẹ̀, ló ń rí i sìn jáde.

Ẹ má bá Àwẹ̀ró jà. Ta ni nínú yín tí kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún àlejò? Ti Atẹnimọ́lẹ̀ ló yàtọ̀, òun gbà á gbọ́. Ó gba àpò rẹ̀, ó mú ọ̀nà pọ̀n, ó wá bojú wẹ̀yìn:

"Màá yà. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, ẹ ní kí wọ́n máa retí mi."