Ọjọ́rú Tí Jẹnẹrétọ̀ Ń Bàjẹ́

Àgbà tó ní ojú ọ̀run tẹ́yẹ fò láìfara kanra ti rí ọ̀rọ̀ Fadékẹ́ tẹ́lẹ̀. Òun ni aṣíwájú akọrin nínú ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì kan n'Íbàdàn. Gbogbo Ọjọ́rú tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá ní kó má wulẹ̀ wá síbi ìdánrawò, pé jẹnẹrétọ̀ bàjẹ́, ló máa ń yọ́ lọ dá gba àwo orin tirẹ̀ àkọ́kọ́ sílẹ̀. Kò sọ fún wọn, kí wọ́n má baà pè é ní ọ̀dàlẹ̀.

Ọjọ́rú kan tí wọ́n tún ní jẹnẹrétọ̀ bàjẹ́ ni àwo ọ̀hún jáde. Ó mú ẹ̀dà kan, ó lọ jẹ́wọ́ nílé tí wọ́n ti ń dánra wò. Ẹnu ọ̀nà ló ti gbọ́ tí jẹnẹrétọ̀ ń pariwo, tí gìtá àti ìlù ń dún nínú ilé. Bó ṣe wọlé, wọ́n dáwọ́ orin dúró.

“Ẹ má bínú, Bọ̀ọ̀dá Láníyì,” ló sọ fún onígìtá tó jẹ́ àgbà wọn, “mo ti dá ṣe àwo orin.”

Láníyì họrí. “Àwa náà ń ṣe ọ̀kan, gìtá àti ìlù nìkan. Jẹnẹrétọ̀ ò bàjẹ́ rí. A ò mọ bá a ṣe máa sọ fún ọ ni.”

Fadékẹ́ mí kanlẹ̀, ẹ̀rín sì pa á.

“Jókòó, jẹ́ ká gbọ́ tìẹ,” Láníyì ní. “Kí kálukú máa fò lọ́jọ́rú. Bó bá di Sátidé tá a fẹ́ lọ ṣeré, orí igi kan náà la ó jọ bà sí.”