Tábìlì Ẹni Méjìlá

Olóyè Fádèyí ní kí Látúndé káfíńtà kan tábìlì ìjẹun ẹni méjìlá sí pálọ̀ òun, ẹni tó bá sì sọ pé pálọ̀ náà kéré yóò kó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kúrò níwájú ilé òun. Látúndé ní, "Kò burú, Bàbá." Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìwọ̀n tábìlì náà sílẹ̀ pálọ̀, ó to àga méjìlá yí i ká. Nígbà tí Olóyè jáde láti yàrá, káfíńtà dúró ṣánṣán, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, sà." Olóyè fajú ro. "Látúndé, ṣé orí ìdúró lo ti ń kí mi?" "Ẹ má bínú, Bàbá. Mo wá ibi tí mo lè dọ̀bálẹ̀ sí títí, àga ló gba gbogbo ẹ̀." Olóyè pe ìyàwó rẹ̀ kó wá kúnlẹ̀ bí ẹni tó ń gbé oúnjẹ fún òun, ìyẹn náà kò ríbi fi orúnkún sí. Ni Olóyè bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n kó àga mẹ́fà kúrò. "Ó yá, dọ̀bálẹ̀ dáadáa." Látúndé nà gbalaja. Olóyè gba ṣọ́ọ̀kì, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa ìlà tuntun síwájú orí rẹ̀. "Ibí ni kí tábìlì mi ti bẹ̀rẹ̀. Pálọ̀ mi kò kéré o, ìwọ lo gùn jù."